Awò Dúdú Bọ̀dá Ayọ̀

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí irú awò dúdú tí mò ń wí yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àrámọ̀kọ, tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò sí géńdé tí kò wù. Etí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń dán bíi góòlù, dígí rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ orúkọ àwọn tó ṣe é sí igun rẹ̀. Wọ́n ní àwọn awabàálù ìlú òyìnbó ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún, kí oòrùn má baà dí wọn lójú. Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́tò ni wọ́n ń fi í yà.

Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Ayọ̀, tó ń ṣe tíṣà, ló ni ẹyọ kan tó wà ládùúgbò wa. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ló fi rà á. Ọkọ ìyàwó ń yá a, ẹni tó ń lọ sí Èkó ń yá a. Ẹ wo fọ́tò ara ògiri ilé mẹ́wàá, awò kan náà ni ẹ ó rí lójú ènìyàn mẹ́wàá. Èmi ni n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí mo gbé e sójú gún iyán, orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Lọ́dún yẹn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ìyá mi, tó ti ń ṣú láti ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú bí ata. Kò lè sá kòkó, kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Inú yàrá ló ń jókòó sí, ó kọjú sí ògiri. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Bọ̀dá Ayọ̀ wọlé, ó fi awò náà wọ̀ ọ́ lójú, ó sì fà á lọ́wọ́ jáde síta. Ìyá mi dúró lójú oòrùn fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó ní, "Ṣé bí o ti ga tó nìyí?"

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí. Ó ní kí n gbé orí mi sókè, pé ẹni tó ń rí ọ̀nà kì í wo ẹnu ẹlẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Ayọ̀ kò gba awò náà mọ́. Ojú lásán ló fi ya fọ́tò ìgbéyàwó tirẹ̀, oòrùn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un dijú.

Lóde òní, irú rẹ̀ kún orí igbá lẹ́bàá títì. Ọmọ mi ní mẹ́ta, kò sì yá ẹnikẹ́ni. N kò bá a wí. Ó wù mí kó ní ju bí a ti ní lọ. Àmọ́ mo dúpẹ́ fún ayé tí wọ́n bí mi sí. Ẹyọ kan ni a ní, ó kárí àdúgbò, ó sì tún kan ìyá mi.