Ọpẹ́ tó Há Pẹ́ńtà Lọ́fun

"Pẹ́ńtà, ìwọ ni kó o gbàdúrà. Ìwọ ni Olúwa yọ."

Pẹ́ńtà ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan ìyá tó bí i lọ́mọ, tó ń bá a sọ̀rọ̀ yìí. Lánàá, pákó tí wọ́n fi okùn so rọ̀, tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró lé, níbi tí wọ́n ti ń kun ilé alájà mẹ́ta, já lójijì. Pẹ́ńtà rí fèrèsé dì mú. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò rí nǹkan kan dì mú. Lọ́sàn-án òní ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àwọn dókítà ò sì tíì mọ̀ bóyá á tún rìn.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ náà ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn yẹn. Aṣọ tí ọkọ rẹ̀ bọ́ síbi iṣẹ́, tí Pẹ́ńtà bá a kó wálé, ló wá gbà, ìyá Pẹ́ńtà bá fà á jókòó: "Ìyàwó wa, kò ní pẹ́. Bá wa ṣe àmín."

"Kó o má jẹ̀ẹ́ kó gùn o," ẹ̀gbọ́n Pẹ́ńtà obìnrin wí, "bí ìgbà tó o bá ń ṣàlàyé ìdí tí iṣẹ́ ò fi parí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀.

"Baba, mo dúpẹ́."

"Àmín."

"Mo dúpẹ́ pé..."

Ọ̀rọ̀ há. Ṣé kó ní Olúwa di òun mú, ó wá fi ẹnì kejì sílẹ̀? Kò parọ́ nínú àdúrà rí. Ó sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀.

"Máa bá a lọ, ọmọ mi," ìyá rẹ̀ rọra wí.

"Mo dúpẹ́ pé mo yè. Èmi ni mo so okùn apá ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Òjò ń ṣú, mo ń kánjú. Kókó kan ni mo ta, méjì ló yẹ kí n ta."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó gbé àpò aṣọ náà.

"Ṣé ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó rò pé òun lòun tẹsẹ̀ bọ ibi tí kò yẹ."

"Ohun tó ń sọ fún mi láti àná náà nìyẹn. Ó ń bẹ̀ mí pé kí n dárí ji òun." Ó nu ojú. "Ẹ dìde. Ẹ wá sọ fún un kí wọ́n tó gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ."

"Àdúrà ńkọ́?" ìyá Pẹ́ńtà béèrè.

"Màmá, mi ò tíì parí ẹ̀," Pẹ́ńtà wí.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò dúró dè é. Pẹ́ńtà ń sáré tẹ̀lé e, ó ń gbàdúrà lábẹ́ ètè. Kò dá a lójú pé ẹnì kan ń gbọ́, síbẹ̀ kò dákẹ́: Baba, mo dúpẹ́. Má jẹ̀ẹ́ ká pẹ́ jù.