Ìbéèrè Tí Mo Gbé Wọ Ìgbó-Ọrà

Mo rántí òórùn ẹ̀gúsí tútù tí wọ́n ń sá sóòrùn ní Ìgbó-Ọrà, lọ́dún tí ìbéèrè kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi tún ọdún kà ní yunifásítì.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé àti ará ìlú ni mò ń kọ́. Bàbá mi, tíṣà ní Èrúwà, wọn ò fẹ́ ẹ rárá. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ ò dé yunifásítì kó tó tọ́ gbogbo yín.” Nọ́ọ̀sì ni wọ́n fẹ́ kí n ṣe. Mo fárígá, mo ní wọn á rí i. Nígbà tí olùkọ́ wa wá pín wa káàkiri Ìbàràpá, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá kó àkọsílẹ̀ ìdílé mẹ́wàá wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò tún ọdún náà kà, ẹ̀rín ni mo rín. Ọmọ ilé ni mí, kí ló fẹ́ ṣòro níbẹ̀?

Lọ́jọ́ kìíní ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n pín mi sí, mo wọ bàtà gogoro, mo há fọ́ọ̀mù mọ́ abíyá, mo wọ agbo ilé kan. Mo kúnlẹ̀, mo kí ìyá tó wà níbẹ̀ dáadáa, mo sì fa bírò yọ.

“Màmá, ọmọ mélòó lẹ bí?”

Ó wò mí látòkè délẹ̀. “Ọlọ́run ló mọye wọn,” ló wí, ló bá wọlé lọ. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ìròyìn ti ṣíwájú mi dé gbogbo àdúgbò pé ọmọbìnrin kan ń ka ọmọ olọ́mọ kiri. Ohun tí ọmọdé ilé wa mọ̀, pé a kì í ka ọmọ olọ́mọ, ni èmi gbàgbé, torí pé wọ́n tẹ ìbéèrè náà sórí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, fọ́ọ̀mù mi ṣì funfun báláú. Mo sunkún. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kí n jókòó sábẹ́ igi kí n fi irọ́ kún un bíi tòun. Mo kọ̀. Bí mo bá purọ́, bàbá mi ti jàre nìyẹn.

Ìyá onílé tí mo dé sọ́dọ̀ rẹ̀, tí òun àtàwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé, fi mí rẹ́rìn-ín títí. “Ìwọ ọmọ yìí, jókòó, kóo bá wa bó ẹ̀gúsí. Ìwé yẹn ò ní í sá lọ.”

Mo jókòó. Èékánná mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí, àmọ́ n ò dìde. N ò béèrè iye mọ́, orúkọ ni mò ń béèrè: ta ló ń sunkún yẹn, ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Orúkọ kọ̀ọ̀kan ń fa ìtàn jáde. Wọ́n mọ̀ pé mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá wọlé lọ kọ ọ́ tí mo gbàgbé ọ̀kan, wọ́n á pariwo rẹ̀ sí mi lójú fèrèsé.

Ìyá onílé ló dárúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ kẹ́yìn gbogbo wọn. Orí Ìdòwú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìdòwú kì í sì í wáyé láìsí ìbejì ṣáájú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ n ò rí ìbejì kankan nínú ilé náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gúsí ni mo gbájú mọ́. A bó ẹ̀gúsí títí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún.

“Táyé àti Kẹ́hìndé ló ṣíwájú ẹ̀,” ló wí, kò wojú mi. “Kọ wọ́n síbẹ̀. Wọ́n wá.”

Ọmọ tó wà láàyè nìkan ni fọ́ọ̀mù náà fàyè gbà. Mo fi bírò fa ilà kún un, mo kọ orúkọ méjèèjì. Olùkọ́ wa bi mí pé kí lèyí, mo sọ fún wọn, wọn ò sì pa á rẹ́. Mo yege. Bàbá mi ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò dárúkọ nọ́ọ̀sì mọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láìpẹ́ yìí, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan bi mí nílé ìwòsàn pé ọmọ mélòó ni mo bí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn. Ó gbé bírò dúró, ó ń retí iye. Mo dárúkọ àwọn tó wà, mo sì dárúkọ èyí tí kò bá mi pẹ́.

“Kọ ọ́ síbẹ̀,” mo ní. “Ó wá.”