Ìyá Mubarakah Lẹ́yìn Fèrèsé

Ẹni tó bá sọ fún yín pé àrùn kórónà kò yọ òun lẹ́nu, ẹ bi í bóyá ó ní ọkọ nílé. Nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé rẹ̀, ilé tí à ń gbé ní Ìkọ̀tún di ohun tí ẹnu ò lè ròyìn. Yàrá kọjú sí yàrá, kíṣìnnì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo, àwọn ọkùnrin tí a kì í rí àfi lálẹ́ sì wá gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Opó ni èmi, mo kàn ń fara gbá ariwo ọkọ ọlọ́kọ ni. Ṣùgbọ́n Hàbíbátù, ọ̀rẹ́ mi tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ojú rẹ̀ rí màbo.

Télọ̀ ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ìyá Mubarakah sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹgbẹ́ ni wá. Èmi ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, òun ń kírun, a ò sì jà rí lórí ẹ̀sìn. Lórí garawa omi la ti máa ń jà. Obìnrin náà sì ní ohùn. Tó bá pe ẹni tó wà lẹ́nu géètì, ẹni tó wà ní ibùdókọ̀ á dá a lóhùn.

Ọkọ rẹ̀, Abdulganiyy, káfíńtà ni, èèyàn jẹ́jẹ́ ni tó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Kónílé-ó-gbélé sọ ọ́ di ọ̀gá kíṣìnnì. Á ṣí ìkòkò wò. Á bi ìyàwó rẹ̀ ìdí tí àlùbọ́sà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Á yí rédíò síbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àrùn, tí wọ́n bá sì ti ka iye àwọn tó kó o tán, á ní oúnjẹ dà. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé, "Ìyá Ebenezer, bí kórónà ò bá pa mí, ọ̀gbẹ́ni yìí á fi ìbéèrè pa mí." Mo ní kó rọra, torí ọ̀gbẹ́ni náà dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Kí n má tilẹ̀ sọ ti ìbòmú, tó ń mú kí kùrukùru bo awò ojú mi bí mo bá ti mí. Kí n má sọ ti lánlọ́ọ̀dù wa tó gbé garawa àti ọṣẹ sẹ́nu géètì, tó ní ẹni tí kò bá fọwọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Ọṣẹ náà ò pẹ́ níbẹ̀ tí ará ilé kan fi jí i gbé. A sì mọ ẹni náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Àárín wàhálà yìí ni Mubarakah bímọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí ọ̀rẹ́ mi bí nìyẹn, Gowon Estate ló ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Zikrullah. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ọmọ náà, obìnrin ni, wọ́n sọ ọ́ ní Fàdìlàt. Ẹ mọ bó ṣe ń rí láàárín wa: bí ọmọ ẹni bá bí àkọ́bí, ìyá á palẹ̀ mọ́, á lọ wẹ ọmọ. Wọn kì í bẹ̀ ẹ́ sí i, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Oyún náà ò tíì yọ dáadáa tí ẹrù ìyá àgbà ti wà ní dídì: kànrìnkàn tuntun, ọṣẹ dúdú, òrí, àti àwọn aṣọ àlòkù tó ti rọ̀. Ó ti sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé òun kò ní fọwọ́ kan aṣọ ẹnikẹ́ni títí ọrùn ọmọ á fi le.

Zikrullah wá pè. Ọmọ dáadáa ni, ẹ̀rù àrùn ló ń bà á.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá," ló wí. "Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ti ìta wá má sún mọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lórí fídíò ná."

"Fídíò kẹ̀?" ni Ìyá Mubarakah dáhùn. "Ṣé orí fídíò ni wọ́n ti wẹ ìwọ náà?"

A gbìyànjú rẹ̀ ṣá. Fóònù tèmi la lò, torí tirẹ̀ kì í gbé àwòrán. Mubarakah ò lè bẹ̀rẹ̀ nítorí ojú abẹ, ni Zikrullah bá ń wẹ ọmọ, tó dì í mú bí ẹni gbé ẹyin. Ìyá àgbà ń kígbe sí fóònù pé, "Gbá orí rẹ̀ mú. Orí ni mo wí, kì í ṣe etí." Ibi tí omi bá ti fẹ́ wọ ọmọ nímú gan-an ni nẹ́tíwọ̀kì á ti lọ, ojú ọmọ á sì dúró síbẹ̀ bíi fọ́tò. Kí a tó pè padà, wọ́n ti nu ọmọ gbẹ. Lọ́jọ́ kan tó rí bẹ́ẹ̀, Ìyá Mubarakah dá fóònù padà fún mi, ó jókòó sórí àpótí, ó sunkún. Ó ní kì í ṣe ti omi ló ń dun òun. Ó ní ọmọ náà á dàgbà, ojú tẹlifíṣọ̀n lásán ni òun á jẹ́ lójú rẹ̀.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Lọ́la, wọ́n á jẹ́ ká jáde ra oúnjẹ. Mò ń lọ."

Ọkọ rẹ̀ ní ọlọ́pàá á mú un. Ó ní kí wọ́n mú òun, kí wọ́n ṣá ti gbé òun dé Gowon Estate ná. Mo bá a lọ, kí ni mo fẹ́ ṣe nílé? Kò sí ọkọ̀ tó gbé wa. A fẹsẹ̀ rìn láti Ìkọ̀tún, a gba Ìdímù, a já sí Ẹ̀gbẹ́dá, ẹrù ọmọ wà lórí ọ̀rẹ́ mi, ààwẹ̀ Rámádànì wà lẹ́nu rẹ̀. Títì dá wáí. Níbi tí èèyàn ti máa ń fi èjìká gbá ara wọn, ajá ló sùn sí. Ẹsẹ̀ mi wú, mo ń ráhùn, òun ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn.

Zikrullah pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó di ìgò sànìtáísà mú, ó ní ká na ọwọ́. Ìyá Mubarakah bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ò mọ irọ́ pa, ó kà á síta láti ara ìgò: ọtí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Ọtí? Lọ́sàn-án ààwẹ̀? Ìwọ tí bàbá rẹ jẹ́ ládàánì n'Ìbàdàn?"

"Mọ́mì, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń mu. Àwọn àlùfáà gan-an ní kò burú."

"Kí àwọn àlùfáà fi ra ọwọ́ wọn. Bu omi àti ọṣẹ wá fún mi jàre. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àlùwàlá, ẹ̀yin ni kórónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́."

Èmi na ọwọ́ tèmi, Zikrullah da á sí i, ó tutù dáadáa. Ìyá Mubarakah wò mí bí ọ̀dàlẹ̀.

Wọ́n bu omi wá, ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú, ó fọ apá dé ìgbọ̀nwọ́, ó fọ ẹsẹ̀. Zikrullah ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, òun ò lè jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ọ̀gá òun kan níbi iṣẹ́ ti bá àrùn náà lọ, ẹni tí àwọn jọ jẹun pọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ, òun ò ní lè dárí ji ara òun láéláé. Mo ti múra pé ìjà dé, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ò jà. Ó bi í pé, "Yàrá wo lẹ ti ń wẹ̀ ẹ́?"

Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, fèrèsé yàrá náà sì wà lẹ́yìn ilé. Ọ̀rẹ́ mi ní kí Zikrullah gbé ọpọ́n ọmọ wá sídìí fèrèsé.

Bí a ṣe di ará ẹ̀yìn ilé nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá ti fún wa láyè la ń rìn lọ. Ọ̀rẹ́ mi á gun orí búlọ́ọ̀kù kan, á di irin fèrèsé mú, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn á wà láàárín òun àti ọmọ, ìbòmú á sì bo ìdajì ojú rẹ̀. Á máa pàṣẹ: "Bu omi sí i láyà ná kó tó dé orí. Fà á lápá. Òsì ni mo wí, Zikru, ṣé ìwọ ò mọ òsì ni?" Bí ọmọ bá ké, á máa fi oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ tù ú. Zikrullah ní ará Ìbàdàn lọmọ òun. Ìyá àgbà ní kó gbẹ́nu sọ́hùn-ún, kó máa wẹ ọmọ. Obìnrin kan yọjú láti òkè, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ rọra sọ̀rọ̀, ọkọ òun ń ṣe ìpàdé lórí kọ̀ǹpútà. Ìyá Mubarakah ní kó bá òun kí wọn níbi ìpàdé.

Ṣùgbọ́n Zikrullah ti ń mọ ọmọ wẹ̀. Kò dì í mú bí ẹyin mọ́, ó tilẹ̀ ti ń kọrin sí i. Bí a bá ń padà sílé, ọ̀rẹ́ mi á máa dá rìn lọ níwájú, mo sì mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: bí bàbá ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìyá àgbà ṣe? Mo ní kó jẹ́ ká fi ìrìn kan sinmi. Ó ní, "Ọmọ ò tíì mọ̀ mí, o ní kí n sinmi. Sinmi tìrẹ." A tún lọ.

Ìjọba tú ọ̀nà sílẹ̀, bọ́ọ̀sì padà sójú títì, Zikrullah ò tíì gbà. Ẹ̀yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ló tó fi ẹnu ara rẹ̀ pè, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa bọ̀. Inú ilé lẹ máa wọ̀ lónìí."

Ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ títí ọṣẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n gbé Fàdìlàt lé e lẹ́sẹ̀. Obìnrin tí gbogbo estate ti mọ ohùn rẹ̀ ò rí nǹkan kan sọ. Ó bu omi sí ọmọ láyà. Ọmọ wo ojú tó wà lókè rẹ̀, ó figbe ta. Ó ké, ó tàpá, ó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹja. Ìyá àgbà fọwọ́ tù ú, ó mì í lórí ẹsẹ̀, igbe náà ń le sí i.

Ara Zikrullah ò gbà á mọ́. Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n gbà á. Kò mọ̀ yín ni."

Kò ní in lọ́kàn láti ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi dúró nínú omi, Mubarakah náà sì wolẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

"Ta ni kò mọ̀ mí?" ni Ìyá Mubarakah wí. "Padà síbẹ̀ kí o lọ jókòó. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Ìkọ̀tún, mo dúró nínú oòrùn pẹ̀lú ààwẹ̀, èèrà jẹ mí lẹ́sẹ̀, nígbà tí ìwọ ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún. Lónìí ni o wá gbọ́n tí o fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ mi? Gbé aṣọ ìnura wá. Kì í ṣe ìyẹn. Èyí tó rọ̀ ni mo wí. Ṣé aṣọ tó rọ̀ nìyẹn, Zikru?"

Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń fi kànrìnkàn wẹ̀ ẹ́, Zikrullah ń tú aṣọ kiri. Mubarakah fọwọ́ tọ́ mi, ó fi ojú júwe. Mo wo ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. Fàdìlàt ti dákẹ́. Ó la ojú sílẹ̀, ó sì yí orí síbi tí ohùn náà ti ń wá. Ìyá àgbà rẹ̀ ò tíì mọ̀, torí ìjà aṣọ ìnura ló ṣì ń bá Zikrullah jà.