Ìdajì Ọ̀rọ̀ Bàbá Wa Lára Ògiri

Títí dòní, bí mo bá gbọ́ tí olóṣèlú na ìka sókè pé, "Gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti wí," ńṣe ni mo máa ń bi í padà. Bàbá ta? Ṣé wọ́n tiẹ̀ ka ohun tí bàbá wí?

Bàbá tèmi ni wọ́n ń pariwo orúkọ wọn lọ́dún ìdìbò yẹn, kí àwọn ológun tó tún gbàjọba. Àgbẹ̀ ni Bàbá. Nígbà ayé òyìnbó, tí ìjọba ń rán òṣìṣẹ́ wá gé igi kòkó olóko nítorí àrùn, Bàbá ló kó àwọn àgbẹ̀ jọ láti kọ̀. Bàbá ò mọ̀wé. Bí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni Màmá wa, tó ka ìwé mẹ́fà, ń kọ ọ́, ó sì di ìwé pélébé kan. Gbólóhùn tó lókìkí jù níbẹ̀ nìyí: "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé igi kan nínú oko yín, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yẹ igi yín wò, èyí tó bá ṣàìsàn, ẹ gé e."

Bàbá ti kú tipẹ́ nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú àdúgbò wa ní Agbowó pín sí méjì. Àwọn kan fẹ́ kí àwọn aṣáájú àtijọ́ wà lórí àga. Àwọn kejì fẹ́ lé wọn. Àbúrò mi ọkùnrin, tíṣà ni, ó wà lọ́dọ̀ àwọn àkọ́kọ́. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ Bàbá jáde. Ó tẹ pósítà, ó lẹ̀ ẹ́ láti Bódìjà dé Dùgbẹ̀: "Ẹ MÁ JẸ́ KÍ WỌ́N GÉ IGI KAN." Orúkọ Bàbá wà lábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà. Mo bi í pé ìyókù ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

Ọmọlúàbí wo, nínú òṣèlú? Mo pòṣé, mo bá tèmi lọ. Ẹ̀bi tèmi náà nìyẹn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, a jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, a bá ọ̀dà pupa lára ògiri ilé wa: "ÈYÍ TÓ BÁ ṢÀÌSÀN, Ẹ GÉ E." Wọ́n ya àdá sí i, kó lè yé wa dáadáa. Orúkọ Bàbá ló tún wà lábẹ́ rẹ̀! Ẹ gbà mí o! Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ Bàbá halẹ̀ mọ́ ọmọ Bàbá, lára ilé tí Bàbá kọ́. Lọ́dún yẹn, irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n ti dáná sunlé níbòmíràn.

Mo ní kí àbúrò mi sá lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Ó kọ̀. Ó ń pe àwọn tó fẹ́ lé aṣáájú ní ọ̀dàlẹ̀, ó ní wọ́n ti lọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá po. Màmá, tí wọ́n ti ń wo ògiri láti àárọ̀, wá yíjú sí i.

"Ta ló kọ́kọ́ fi ìdajì lé ògiri?"

"Màmá, tèmi yàtọ̀ o."

"Ó yàtọ̀ níbo? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni bàbá yín gé igi mọ́kànlá lóko ara wọn, tí wọ́n sunkún bí ọmọdé. O mọ̀ bẹ́ẹ̀? O ti ka ìwé yẹn parí rí?"

Àbúrò mi ní rárá. Kò kà á parí rí. Tíṣà o! Ó ṣe mí bíi kí n gbá a létí, bó ti dàgbà tó.

Màmá gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó jókòó ní pálọ̀, ó kà á sókè, ojú ewé mẹ́rìnlá péré. Nígbà tó parí, ó dìde. Ó lọ ra ọ̀dà dúdú, ó kọ ìyókù gbólóhùn náà kún ti ara ògiri wa. Ó wá gba Bódìjà lọ lọ́sàn-án gangan, ó ń kọ ìyókù sábẹ́ àwọn pósítà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń gbé agolo ọ̀dà tẹ̀ lé e, mo ń bú u, mo ń wẹ̀yìn bóyá àdá ń bọ̀.

Àdá ò wá. Àwọn ará ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́ta. Màmá fún wọn lómi. Wọ́n ní àwọn ti lé àbúrò mi kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo ní kí ló ṣe? Àgbà inú wọn, tí ife omi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, mí kanlẹ̀.

"Ó ti ba ọ̀rọ̀ Bàbá jẹ́."

Màmá dìde gba ife wọn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì mu ún tán.