Ẹ̀rọ Tí Kò Béèrè Ìwọ̀n Ọmọ

Ìyá Onídígí là ń pè é, torí dígí ojú tó fi okùn so kọ́rùn, tó sì máa ń wá kiri yàrá nígbà tó bá wà láyà rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ ń lo tábìlì kan ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn, ní àjà kẹrin. Kò lọ ilé ìwé kọ̀ǹpútà rí. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ń to fáìlì aláìsàn kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà dé, ó sì fúnra rẹ̀ kọ́ ọ, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá yé e sẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́. Èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí, òun ni mo máa ń bi. Ẹ má sọ fún ọ̀gá wa.

Òun ló ṣètò bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń wádìí oògùn lórí kọ̀ǹpútà. Nọ́ọ̀sì á tẹ ìbéèrè, ìbéèrè náà á gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ bá ẹ̀rọ ńlá kan tí a kì í fojú rí, ìyẹn á tú ìwé oògùn wò, á sì dáhùn. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé ó máa ń rántí. Tí o bá ti sọ ìwọ̀n aláìsàn fún un, o ò ní tún un sọ mọ́. Ìbéèrè kejì, ìkẹta, inú ìtàkùrọ̀sọ kan náà ni. Àmọ́ tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá kọjá láìsí ọ̀rọ̀, ó ti gbàgbé nìyẹn. Á tún bẹ̀rẹ̀: "Kílò mélòó ni aláìsàn yìí?"

Inú bí àwọn nọ́ọ̀sì. "Mà, tí mo bá dìde lọ di egbò ẹnì kan, tí mo fi máa padà dé, á ti sọ mí dàlejò," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ìyá Onídígí ò sì lè rí ẹni tí ń jìyà kó mójú kúrò. Ó yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà kúrò pátápátá. Láti ọjọ́ náà, ìtàkùrọ̀sọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan kì í parí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Wọ́n fi páálí bisikíìtì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ nínú ẹ̀, mi ò lè purọ́.

Ohun tí àwa méjèèjì gbàgbé ni àṣà wọ́ọ̀dù. Ní agogo méjì ọ̀sán tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iṣẹ́, nọ́ọ̀sì tó ń lọ kì í pa kọ̀ǹpútà. Ó máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ á jókòó sórí àga tó ṣì gbóná, iṣẹ́ á máa lọ. Wọ́n kà á sí ìwà ọmọlúàbí.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, ó ń yẹ ìbéèrè àwọn nọ́ọ̀sì wò bó ṣe máa ń ṣe. Mo kàn gbọ́ tó ní, "Háà."

"Kí ló dé, mà?"

"Wá wo wọ́ọ̀dù pàjáwìrì."

Mo wò ó. Ní agogo méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nọ́ọ̀sì àárọ̀ béèrè oògùn fún bàbá kan tó jẹ́ kílò méjìdínláàádọ́rin. Ní agogo méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìbéèrè mìíràn wọlé lórí kọ̀ǹpútà yẹn kan náà: "Bẹ́ẹ̀dì kẹfà, abẹ́rẹ́ gìrì, báwo ni kí n ṣe fà á tó?" Ẹ̀rọ ò béèrè ohunkóhun. Ó fi ìwọ̀n bàbá yẹn ṣírò, ó sì dáhùn wẹ́rẹ́.

"Ta ló wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹfà?"

Mo ṣí orúkọ àwọn aláìsàn. "Ọmọ oṣù méjì. Kílò mẹ́rin."

Ìyá Onídígí ti gbé fóònù. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó jù ú sílẹ̀, ó sáré jáde, dígí rẹ̀ ń gbá a láyà. Mo tẹ̀ lé e. Mo sanra, mo jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtẹ̀gùn lọ́jọ́ náà. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń wí pé, "Ọwọ́ mi ni mo fi yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ọmọ ọlọ́mọ! Ọwọ́ mi yìí."

A dé bẹ́ẹ̀dì kẹfà, kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ọmọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Nínú àwo ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìgò oògùn kéékèèké márùn-ún ni wọ́n ti ṣẹ́ lórí, gbogbo wọn ṣófo. Mo ka ìgò náà lẹ́ẹ̀mejì, bíi pé wọ́n máa dín. Ìyá Onídígí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mà, kí lẹ ń wá nílẹ̀?"

Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ló dúró lẹ́yìn wa, ọmọ náà wà láyà rẹ̀, ìyá ọmọ sì ń tẹ̀ lé e.

"O ti fún un?" Ìyá Onídígí ló béèrè.

"Rárá o. Gìrì ọ̀hún ti rọlẹ̀, dókítà kàn ní ká fún un kó má bàa padà ni. Mo ti fà á tán. Ìgbà tí mo máa gún un, mo ní, ẹ̀rọ yìí kò mà béèrè ìwọ̀n ọmọ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ìgbà ló máa ń fi yọ mí lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ara bá fu mí, ni mo bá gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n."

Ìyá ọmọ ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló fẹ́ ṣe ọmọ mi?"

Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan. Ìyá Onídígí ti ṣáájú mi. "Èmi ni mo ṣàṣìṣe, màmá. Ẹ̀rọ náà fẹ́ fún un ní ti àgbàlagbà. Ẹ má bínú."

Obìnrin náà gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fà á mọ́ra.

Ìyá Onídígí dìde, ó jókòó sórí àga nọ́ọ̀sì, ó pa ìtàkùrọ̀sọ náà dé, ó sì tún béèrè abẹ́rẹ́ gìrì. Ìbéèrè àtijọ́ yọjú: "Kílò mélòó ni aláìsàn yìí?" Ìgbà kẹta ló tó rí nọ́ḿbà mẹ́rin tẹ̀. Ìdáhùn tó jáde kò tó ìdajì ìgò kan.

Nọ́ọ̀sì lọ mú sírínjì tó ti fà kún létí sìnkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ oògùn inú rẹ̀ dànù. Àwa mẹ́ta yòókù dúró, à ń wò ó. Ó pẹ́ gan-an kó tó tán.