Ọmọ Tí Mo Sùn Bí

Ọjọ́ kẹta tí mo ti ń rọbí ni wọ́n gbé mi sínú lọ́rì. Ọmọ dábùú nínú mi, agbẹ̀bí àdúgbò wa ní Ìwó sì ti sọ pé agbára òun pin. Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún ọkọ mi pé abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí mi. Wọ́n fi aṣọ kan tó ń rùn bò mí nímú. Nígbà tí mo jí, ọmọ kan wà nínú ibùsùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mò ń wá ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá la lò níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ nílé láìsí èmi àti òun níbẹ̀. Ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà ní Ilé-Ogbó, kọ àwọn orúkọ náà sínú bébà tó ya láti inú ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ó mú un wá fún mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà ṣì í pè.

Kí a tó padà sí Ìwó, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ fi omi gbígbóná tẹ ikùn mi, n kò gbọdọ̀ fi ọ̀já gbà á, n kò sì gbọdọ̀ pọn ọmọ. Ìyá tó bí mi ti kú ní Kuta kí n tó lọ́kọ, nítorí náà ìyá ọkọ mi ló ń wẹ̀ ẹ́. Àwọn ìyàwó ilé ló ń pọ̀n ọ́n. Ọmú nìkan ló kù tèmi, ara ògiri ni mo sì máa ń wò bí mo bá ń fún un.

Ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ń pọ̀n ọ́n jù. Aláwàdà ni. Á máa jó kiri àgbàlá, á ní, "Ọkọ mi, o kú ìrìn. Àlejò gidi ni ọ́, àfi pé o bá onílé lójú oorun."

Àwọn yòókù á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ọ̀kan á dáhùn, "ọgbọ́n ló gbọ́n. Àwa kúnlẹ̀, òun sùn."

Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo máa ń gbọ́ ìyá ọkọ mi ní yàrá kejì tí ń fi ọjọ́ ìkúnlẹ̀ rẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi kò kúnlẹ̀. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé n kò ní ohun tí mo lè fi tọrọ ẹ̀mí ọmọ yìí, pé yóò kú, àti pé ó sàn kí èmi ti lọ ṣáájú rẹ̀. Oúnjẹ dà bí iyanrìn lẹ́nu mi. Bí mo bá lọ fa omi ní kànga ẹ̀yìnkùlé, mo máa ń pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń rò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ara ọmọ gbóná. Ìyá ọkọ mi gbé e wá bá mi.

"Ìyá Ìkókó, gbà á. Fi ìkúnlẹ̀ rẹ tọrọ fún un."

"Ìyá, n kò ní in."

"O ò ní kí ni?"

"Ìkúnlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo sùn ni."

Ó jókòó lórí ẹní, ó gbé ọmọ lé itan.

"Ta ló wí bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Gbogbo ilé ni. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe."

"Wọ́n ń ṣàwàdà, ìwọ ń kú lọ." Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. "Èyí tí mo bí tẹ̀lé ọkọ rẹ, orí ìkúnlẹ̀ ni mo bí i sí. Kò pẹ́, kò nira. Síbẹ̀ n kò lè wo ojú rẹ̀. Bó bá ń ké, ńṣe ló dà bí ọmọ aládùúgbò létí mi. Wọ́n ní mo ya ọ̀lẹ."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

"Ó kú. Kò ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ."

"Ẹ ò gbàdúrà fún un?"

"Mo gbà á. Mo ní ìkúnlẹ̀ nígbà náà bí mo ti ní in lónìí. Ẹni tó máa bá mi gbé e ni n kò rí."

A gba oògùn fún ọmọ, ara rẹ̀ sì rọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Inú mi kò dùn lọ́jọ́ náà. Ó tó oṣù méje kí n tó lè gbé e láìronú pé ta ló ni ín. Nígbà tí mo bí èkejì, mo kúnlẹ̀ bí gbogbo ayé, ìbànújẹ́ náà tún dé, àmọ́ kò pẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí bóyá abẹ ló fà á, ohun tí mo lè sọ ni pé abẹ fi kún un.

Ìyá ọkọ mi kò béèrè ohun tí mò ń ṣe nídìí kànga. Lọ́jọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀ yẹn, ó gba garawa àti okùn lọ́wọ́ mi, ó ní egbò mi kò tíì jinná. Egbò ti jinná, àwa méjèèjì sì mọ̀. Títí ọmọ fi hu eyín, òun ló ń fa omi tí mo fi ń wẹ̀.