Ta Ló Ni Irin Orúnkún Yàgò?

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Yàgò fi ti bẹ́ẹ̀dì onítáyà káàkiri ọsibítù ìjọba. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn o. "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò lọ́nà!" tó máa ń pariwo bó bá ń ti aláìsàn bọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, débi pé akọ̀wé owó oṣù ti fi kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́ẹ̀kan rí. Láti wọ́ọ̀dù kẹta dé yàrá iṣẹ́ abẹ jẹ́ igba ìṣísẹ̀ ó lé mọ́kànlá. Ó ti kà á. Bó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, ẹ bá a ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé orúnkún náà gbìyànjú kó tó ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹnu iṣẹ́ ló wà lọ́jọ́ tí orúnkún òsì yẹ̀. Ó ń ti ìyá arúgbó kan lọ, nǹkan dún kàù, Yàgò jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀dì sì ń bá tirẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó figbe ta: "Awakọ̀ ti bọ́ọ́lẹ̀ o!" Wọ́n gbé Yàgò sórí bẹ́ẹ̀dì tó ń tì lójoojúmọ́, wọ́n tì í lọ sí wọ́ọ̀dù kẹta, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kò sì san nǹkan kan.

Irin orúnkún ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Irin pẹlẹbẹ méjì ni, pẹ̀lú bẹ́líìtì awọ mẹ́rin, wọ́n ń dè é mọ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún má baà tún yẹ̀.

"Bàbá," ni dókítà wí, "láìsí irin yìí lẹ́sẹ̀ yín, mi ò lè fọwọ́ sí i pé kẹ́ ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa kọ ìwé yín."

Ìjọba ń san owó iṣẹ́ abẹ, ó ń san ti oògùn àti ti bẹ́ẹ̀dì. Irin orúnkún ò sí nínú ìwé ìjọba. Owó oṣù méjì àbọ̀ Yàgò ni iye rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò bá padà sẹ́nu iṣẹ́ títí oṣù fi parí, ẹlòmíì ni wọ́n máa gbà sípò rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, wá wò ó ní wọ́ọ̀dù, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣàròyé. "Mo ti rí ẹni tó máa ra maṣíìnì mi," ló wí, bí ẹni ń sọ pé òun ti ra ọṣẹ. "Ọjọ́ Ẹtì ló ń bọ̀ wá gbé e."

"Kí lo wá fẹ́ máa fi ránṣọ?"

"Eyín. Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ n gbọ́rọ̀ sétí."

Maṣíìnì yẹn ló rán ọmọ mẹ́ta níléèwé. Yàgò ò lè fara mọ́ ọn. Ìgbà náà ló rántí Àpò Àánú. Àwọn tó ti gba ìwòsàn ní ọsibítù náà, àti àwọn ìdílé tó pàdánù èèyàn wọn síbẹ̀, ló ń dá owó sí àpò yìí. Òun ló ra àga fún àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn, òun náà ló ra ẹ̀rọ omi tútù sí yàrá ìsinmi àwọn nọ́ọ̀sì. Yàgò fúnra rẹ̀ ló ti ẹ̀rọ omi ọ̀hún wọlé.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fọ̀pá tilẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Àpò Àánú ní ìsàlẹ̀. Obìnrin kan ló bá nídìí tábìlì, awò ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Àǹtí Rẹ́jístà ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Ìwé ńlá aláwọ̀ ewé kan wà níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Irin orúnkún ni mo wá tọrọ."

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Orúkọ?" Yàgò sọ ọ́. Obìnrin náà gbójú sókè. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ti bẹ́ẹ̀dì, tẹ́ ẹ máa ń pariwo?"

"Èmi ni, mà."

"Òṣìṣẹ́ ni yín nìyẹn. Ìwé aláìsàn nìyí. Ẹ lọ síbi tàwọn òṣìṣẹ́, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Ọjọ́bọ̀."

"Ta ni kí n béèrè níbẹ̀?"

"Èmi."

Yàgò rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ̀yin?"

"Èmi náà ni. Ìwé pupa ló máa wà níwájú mi nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ ò lè ṣí ìwé pupa nísinsìnyí ni?"

"Bàbá, ó wà lókè."

Obìnrin náà kì í ṣèèyàn burúkú. Ó ní kó jókòó, ó sì ṣàlàyé fún un. "Ẹni tó wà nípò yìí ṣáájú mi da àpò aláìsàn àti ti òṣìṣẹ́ pọ̀, wọ́n sì dá a dúró. Bí ìdílé kan bá fowó sílẹ̀ ní orúkọ ìyá wọn tó kú, tí wọ́n ní ká fi tọ́jú aláìsàn, mi ò lè lọ fi ra nǹkan fún òṣìṣẹ́. Wọ́n á ní mo jí i ni." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Yàgò gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó túbọ̀ dàrú mọ́ ọn lójú.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ó múra àtigòkè. Bó ṣe yọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí obìnrin kan lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà, tó ń retí ẹni tó máa tì í lọ síbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán egungun. Ó ti lé ní wákàtí kan tó ti wà níbẹ̀. Ọwọ́ Yàgò ti di irin bẹ́ẹ̀dì mú kó tó rántí pé aṣọ wọ́ọ̀dù ló wà lọ́rùn òun, èyí tí wọ́n máa ń so okùn rẹ̀ lẹ́yìn. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ lé ẹsẹ̀ obìnrin náà, ó fara ti bẹ́ẹ̀dì, ó ń tiro lọ.

"Ẹ yàgò! Ẹ yàgò lọ́nà!"

Obìnrin náà yíjú wẹ̀yìn. "Yéè! Bàbá, nínú àwa méjèèjì, ta ni aláìsàn?"

"Ẹ má dà mí láàmú mà, mo ṣì ń wádìí ẹ̀."

Ní kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹnì kan fara mọ́ ògiri kí wọ́n lè kọjá. Àǹtí Rẹ́jístà ni, ìwé pupa wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Àtẹ̀gùn méjìlélọ́gbọ̀n ló lọ sókè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Yàgò sinmi.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Orúkọ?"

"Mà, ẹ̀yin náà kọ́ la jọ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé…"

"Orúkọ, bàbá."

Ó sọ ọ́. Obìnrin náà kọ ọ́, ó sì dáwọ́ dúró. "Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni àpò yìí wà fún. Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ̀yin wà."

"Mo ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Ẹ rí mi!"

"Mo rí yín nínú aṣọ aláìsàn. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n máa fa Sísítà wọ́ọ̀dù yín létí. Dókítà náà á ní ara yín ti yá, kí lẹ wá fẹ́ fi irin ṣe?"

"Kí ni mo wá jẹ́ báyìí, mà?"

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó jọ ẹni tó ti rẹ̀. "Bàbá, mi ò mọ̀. Kò sí ìwé kẹta."

Sísítà, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kẹta, ti gbọ́ nípa bẹ́ẹ̀dì tó tì kó tó padà dé. "Ẹ̀yin bàbá yìí! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni? Bí orúnkún yẹn bá tún yẹ̀ ńkọ́?"

Yàgò bẹ̀ ẹ́. Ó wá ro ẹjọ́ ìwé ewé àti ìwé pupa. Sísítà fa àga kan, ó jókòó.

"Ta ló ní ẹ̀yin ni kí wọ́n rà á fún?"

"Ẹsẹ̀ ta ni wọ́n tún fẹ́ rà á fún?"

"Wọ́ọ̀dù ni. Wọ́ọ̀dù lè béèrè ohun èlò tí àwọn aláìsàn máa lò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe rí ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ yín yẹn."

Ó ránṣẹ́ sókè. Àǹtí Rẹ́jístà sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé ewé ló gbé lọ́wọ́ báyìí.

"Ọjọ́ Ajé ni ti ìwé yìí," ni Yàgò wí; kò mọ̀gbà tó bọ́ lẹ́nu òun.

"Ẹni tó bá wá tọrọ fúnra rẹ̀ ló ní ọjọ́ Ajé. Ti wọ́ọ̀dù ò lọ́jọ́." Ó kọjú sí Sísítà. "Aláìsàn mélòó ló máa lò ó?"

"Ọ̀kan wà nílẹ̀. Àwọn míì ń bọ̀."

"Iṣẹ́ wo ni ọ̀kan yẹn ń ṣe?"

"Ṣé ìwé yín béèrè ìyẹn ni?"

Àǹtí Rẹ́jístà fìka tọ ojú ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Kò béèrè ẹ̀," ló wí, ó sì kọ ọ́. "Ṣùgbọ́n ohun èlò wọ́ọ̀dù ò gbọ́dọ̀ gba géètì jáde."

Dókítà ní ìyẹn ò burú, pé ẹni tó bá jókòó nílé ò nílò ju ọ̀pá lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n gbé irin náà dé, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà wọ́ọ̀dù sí i lára. Dókítà fọwọ́ síwèé. Yàgò gba fóònù Sísítà, ó pe ìyàwó rẹ̀.

"Má gbé maṣíìnì fún un o!"

"Ó ti gbé e dé ẹnu ọ̀nà."

"Kó dá a padà síbi tó wà!"

"Ṣé wọ́n ti fún yín nírin ni?"

"Wọn ò fún mi. Ó ṣáà wà lẹ́sẹ̀ mi."

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé oògùn ló ń ṣe yín bẹ́ẹ̀?"

Lọ́jọ́ Ajé, Yàgò wọ aṣọ iṣẹ́. Kó tó di aago méje, ó fọwọ́ síwèé pé aláìsàn yá irin orúnkún lò. Nígbà tí aago méje lù, ó fọwọ́ sí òmíràn pé òṣìṣẹ́ ti dé. Ó ti bẹ́ẹ̀dì títí di aago mẹ́rin, ó tú bẹ́líìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Sísítà kà wọ́n, ó sì ti irin náà mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìyàwó rẹ̀ ń dúró lẹ́nu géètì. Ó wo ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. "Irin ọ̀hún dà?"

"Ó ti lọ sùn."

"Ta ló wá ni ín gan-an?"

Yàgò gbé ọwọ́ lé èjìká rẹ̀. Ó fara tì í, wọ́n kọrí síbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀. "Má tíì bi mí," ló wí. "Rọra máa rìn."